Bí Mo Ṣe Gbé Àwẹ̀ró Lọ sí Ìlú Atanná

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí àwọn tó wà lẹ́yìn rọra wá síwájú, kí àwọn tó wà níwájú má fi orí ńlá dí àwọn ẹlẹ́yìn lójú. Kí ẹni tó ń fẹ́ iná ẹran yẹn rọra fẹ́ ẹ, èéfín ti ń wọ̀ mí lẹ́nu, ẹnu mi ni mo sì fẹ́ lò. Ẹ jẹ ohun tó bá wù yín níbí, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan ẹja gbígbẹ tó so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Iṣẹ́ wà tó fẹ́ ṣe. Tí ẹ bá sì rí i tí mo dákẹ́ lójijì láàárín ọ̀rọ̀, ẹ má bi mí pé kí ló dé, etí ni mo dẹ sí inú ilé. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó lè pè mí nígbàkigbà, ohun tó bá sì fi pè mí ni yóò sọ bí ìrọ̀lẹ́ mi yóò ṣe rí.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọdẹ tí gbogbo ìgbẹ́ ń wárìrì fún. Ẹkùn gbọ́ orúkọ mi, ó sá. Erin gbọ́ orúkọ mi, ó fi etí bo ojú. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, mi ò tíì parí. Ẹfọ̀n pàápàá mọ̀ mí dáadáa, àmọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló mọ̀, nítorí orí igi ni mo máa ń wà nígbà tó bá dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kíá kí n tó gbàgbé, kí ẹnìkan má baà bá mi sọ ọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí mo gbé Àwẹ̀ró níyàwó, mo jáde lọ sóko ọdẹ láàárọ̀. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo agbo ilé pé ẹran ńlá ni n ó gbé bọ̀. Mo dé inú igbó, mo gbọ́ tí ewé ń mì, mo rí ìwo. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ìgbà tí mo dé orí igi. Ìbọn mi wà nílẹ̀, fìlà mi wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mi kan sì wà láàárín wọn. Mo ń bẹ ẹfọ̀n náà láti òkè pé kó dárí jì mí fún gbogbo àwọn ẹbí rẹ̀ tí mi ò pa rí. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Nígbà tí oòrùn yí, Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ wá mi wá. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ha! Màlúù tí àwọn Fúlàní darandaran ń wá láti àná rèé!" Ó fi igi lu ú nídìí, màlúù náà dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró ti ń pè mí ní Bàbá Orí-Igi. Ẹ sáà mọ̀ pé obìnrin ilé wa kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Àwọn ìyàwó yòókù ń pe tiwọn ní olówó orí mi, ọkọ mi, bàbá lágbájá. Nígbà tí a bí Moróunkẹ́jì, mo yọ̀, mo ní ìtìjú mi ti tán, n ó di Bàbá Moróunkẹ́jì. Àwẹ̀ró kọ̀ jálẹ̀. "Bàbá Orí-Igi, oúnjẹ ti délẹ̀. Bàbá Orí-Igi, àlejò yín dé." Níwájú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi! Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú sí i, mo ra aṣọ fún un nítorí kó lè fi orúkọ yìí sílẹ̀. Ó gba aṣọ, ó dúpẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Orí-Igi."

Ọdún lọ, a dàgbà, ìgbàgbé wá wọ ilé wa. Kò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Iyọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀: Àwẹ̀ró a fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, a tún fi sí i, mo ń jẹ ẹ́, mo ń yìn ín, omi ń dà lójú mi. Ó wá kan fìlà ọdẹ mi, tí mo bá nínú ìkòkò omi mímu. Ó wá kan ọ̀nà odò tó ti ń tọ̀ láti ìgbà ọmọge. Mo bá a ní agbedeméjì rẹ̀, ó dúró, ó ń sunkún pé wọ́n ti gbé odò kúrò. Àwọn dókítà ìlú ńlá wò ó, wọ́n ní àrùn ọpọlọ ni, pé ó ń jẹ ìrántí díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Wọ́n ní àwọn ní oògùn tó lè mú kó rọra rìn, àwọn kò ní èyí tó lè lé e lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ìgbẹ́ dé. Àwẹ̀ró bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó bu omi fún mi. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Bàálé ilé yìí kò sí nílé, ó lọ sígbẹ́. Ẹ jókòó dè é, kò ní pẹ́ dé." Kí ni n ó ṣe? Mo jókòó. Mo jókòó sínú ilé ara mi, mo ń dúró de ara mi. Nígbà tí ara mi kò tètè dé, mo bi í pé, "Kí lẹ máa ń pe bàálé yín?" Ó la ẹnu, ó wá ohun tó fẹ́ sọ, kò rí i. Mo rí bó ṣe ń wá a, bí ojú rẹ̀ ṣe dààmú, bó ṣe ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló gbé e sí. Orúkọ yẹ̀yẹ́ tí mo ti fi gbogbo ayé mi sá fún, ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mi ò ní ohun mìíràn tó dùn tó o. Mo pinnu pé tí ó bá wà níbìkan ní ayé yìí, n ó lọ gbà á wá fún un.

Mo gbé ìbọn, mo wọ igbó, kì í ṣe torí ẹran, torí kí n lè ráyè sunkún ni. Ìgalà kan yọjú. Mo yìnbọn, mo pa ẹ̀ka igi. Ìgalà náà kò sá. Ó jókòó, ó kẹ́sẹ̀ léra, ó ní, "Ọdẹ́rìndé, láti kékeré mi lo ti ń yìnbọn tì mí. Mo bímọ, o yìnbọn tì wọ́n. Àwọn ọmọ mi bímọ, o ń yìnbọn ti àwọn náà. A kì í ṣe ọ̀tá mọ́, ojúlùmọ̀ ni wá. Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mi orí. Ó ní, "Kọjá Igbó Adẹ́rùba, má ṣe pẹ́ ní Ìlú Àìgbàgbé, wàá dé Ìlú Atanná. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń lu ihò kékeré sí agbárí èèyàn, wọ́n ń ti wáyà tín-ín-rín wọ inú ọpọlọ, wọ́n sì ń tanná sí i. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń mú dáadáa bọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ àwọn kan mú díẹ̀ bọ̀." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má dúpẹ́, pé inú òun ń dùn ni pé n kò ní sí nílé fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn ẹ̀ka igi lè sinmi.

Bí mo ṣe mú Àwẹ̀ró lọ́wọ́ nìyẹn. Ibi tó tẹ́jú, ó ń rìn. Ibi tó ga, mo ń pọ̀n ọ́n. Ẹ má wo bí mo ṣe gbẹ yìí, mo lágbára. Kìkì pé òun ló ń sọ fún mi pé kí n sinmi. Ó ń bi mí lemọ́lemọ́ pé, "Níbo là ń lọ?" Nígbà àkọ́kọ́, mo ní à ń lọ kí Moróunkẹ́jì. Ó tún bi mí, mo ní ọjà la ń lọ. Nígbà tó tún bi mí tó rẹ̀ mí, mo ní, "À ń lọ síbi ìyàwó." Ó ní, "Ìyàwó ta ni?" Mo ní, "Tèmi." Ó fi ọwọ́ nà mí léjìká láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ kú oríire o. Ọlọ́run á jẹ́ kó tọ́jú yín."

A dé Igbó Adẹ́rùba. Iwin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, orí rẹ̀ tó odó, ó ní ẹnu sí èjìká ọ̀tún, ó ní ẹnu sí tòsì, ẹnu kẹta wà ní ikùn, òun ló sì fi ń bú ramúramù. Ohun tó fi ń pa èèyàn ni ẹ̀rù. Tí ó bá bú lẹ́ẹ̀kan, o rántí gbogbo ohun búburú tí o ti gbọ́ nípa iwin. Tó bá tún bú, àwọn ohun tí o rántí yẹn á dá ọ lẹ́sẹ̀ dúró. Tó bá tún bú, ó parí. Ó bú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí èmi ọdẹ ńlá ṣe? Ẹ ti mọ̀. Igi kan wà nítòsí, igi dáadáa, ẹ̀ka rẹ̀ le.

Láti òkè ni mo ti rí Àwẹ̀ró tó dúró níwájú iwin náà, tó ń kúnlẹ̀. "Ẹ kúulé o, bàbá. Ẹ kú ìjókòó." Iwin náà tún bú. Àwẹ̀ró ti gbàgbé pé òun ti kí i. "Ẹ kúulé o, bàbá. Ara ilé ńkọ́?" Iwin náà fi ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú pọ̀, igi tí mo wà lórí rẹ̀ mì, mo di ẹ̀ka mú bí ọmọ ọ̀bọ. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ikọ́ ni? Ẹ wá oyin lá." Ó lọ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Iwin náà wò ó, ó wò mí lórí igi, ó jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wà nínú igbó yìí, kò sẹ́ni tó bi òun pé ara ńkọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sìn wá jáde. Ó ní tí n bá tún ń bọ̀, kí n má wulẹ̀ gun igi mọ́, pé ìdí mi ń hàn.

A dé Ìlú Àìgbàgbé. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbàgbé ohunkóhun. Mo rò pé ibẹ̀ ni Ọlọ́run dá fún wa, àfi ìgbà tí a wọlé. Ariwo! Ọkùnrin kan ń bá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí ọbẹ̀ tó dànù nígbà tí baba ńlá wọn wà láyé. Obìnrin kan jókòó síwájú oúnjẹ, kò lè jẹ ẹ́, nítorí ó ń rántí gbogbo oúnjẹ tó dùn ju ìyẹn lọ. Ọba wọn gbé omi kan wá nínú igbá, ó ní kí n fún Àwẹ̀ró mu, pé gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i láyé ni yóò padà wá, kò ní ku ẹyọ kan. Mo gba igbá. Mo gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Mo wá ronú. Gbogbo ẹ̀? Gbogbo ọjọ́ tí mo ní ẹran ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, tó jẹ́ pé oorun ni mo sùn? Gbogbo orin tí mo kọ sí i létí? Ìrora ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀, kó máa jẹ́ tuntun lójoojúmọ́? Mo dá igbá padà fún ọba, mo ní ẹ ṣeun, òùngbẹ kò gbẹ wá. A sáré jáde nílùú yẹn.

Ẹnu ibodè Ìlú Atanná, arúgbó kan tí ìmọ́lẹ̀ ń jáde láti ihò imú rẹ̀ dá wa dúró. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ dáhùn. Ó ní, "Yàrá kan wà. Ní àná, ẹrù kún inú rẹ̀. Lónìí, ẹni tó ni ín wọlé, kò rí nǹkan kan. Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo kó àyà síwájú, mo ní, "Olè ti kó o." Arúgbó náà mi orí. Mo ní, "Eku ti jẹ ẹ́." Ó tún mi orí. Mo ní tó bá jẹ́ pé ẹkùn ló wọ yàrá náà, kó fi mí sílẹ̀ kí n wọlé lọ pa á. Àwẹ̀ró fà mí láṣọ. Ó ní, "Bàbá, wọn ò tan iná ni." Arúgbó náà ṣílẹ̀kùn.

Àgbà àwọn oníṣẹ́ ìlú náà ni Ìyá Olójú-Ìka. Iwájú orí rẹ̀ dán borokoto, kò sí ojú níbẹ̀. Orí ìka ọwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, kéékèèké, wọ́n ń ṣẹ́jú. Ó fi ìka méjì kan Àwẹ̀ró lórí. Ó wá sọ fún mi pé, "Orí èèyàn dà bí agbo ilé àtijọ́, yàrá nínú yàrá. Àrùn yìí ń pa àtùpà, lẹ́yìn náà á wó ògiri. Mo lè ti wáyà wọlé dé ẹnu ọ̀nà tí ìrántí ń gbà kọjá. Òkúta kékeré kan wà tí n ó sin sábẹ́ awọ àyà rẹ̀, oòrùn ló ń mu, òun ni yóò máa fún wáyà náà níná. Yàrá tó ṣókùnkùn, a lè tanná sí i. Yàrá tó ti wó, a ò lè kọ́ ọ. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé a lè kọ́ ọ, irọ́ ló ń pa. Àwọn kan sì wà tí a tanná sí tí wọn kò rí ohunkóhun. Ṣé o ṣì fẹ́?"

Mo ní mo fẹ́. Ó ní kì í ṣe èmi nìkan lòun ń bi. Ó yíjú sí Àwẹ̀ró, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ ní pẹ̀lẹ́. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ dópin. Ó ní, "Tí ẹ bá lè tan iná náà, ẹ bá mi tàn án. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń táràrà." Mo yíjú sí ògiri nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Olójú-Ìka ní, "Òfin wa kan ló kù. A kì í jẹ́ kí aláìsàn sùn, torí òun ni yóò sọ fún wa bí a bá ti dé ibẹ̀. Ìwọ tí o mú un wá ni yóò yan ìbéèrè tí a ó máa bi í. Ẹyọ kan ni. Tí o bá ti sọ ọ́ jáde, kò sí pípààrọ̀. Ronú dáadáa."

Kí n ronú? Èmi? Mo kọ́ ọwọ́ sẹ́yìn, mo ní, "Ẹ bi í pé kí lorúkọ mi."

Mo ti rí àwọn ìyá tó wà lápá ọ̀hún tí wọ́n ń pòṣé. Ẹ̀yin ti mọ̀. Èmi tí mo bá a gbélé láti ìgbà èwe, mi ò mọ̀. Ẹ bá mi pa á mọ́ra ná.

Wọ́n gbé e tẹ́ sórí ibùsùn, wọ́n fi aṣọ bò ó dé àyà. Wọ́n fá irun rẹ̀ níwọ̀nba, wọ́n fi omi kan pa awọ orí rẹ̀ kó má gbọ́ ìrora, wọ́n de òrùka irin mọ́ orí náà kó má baà mì, wọ́n sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú. Wọ́n gbé irin kan jáde tó ń yí bírí, tó ń ké. Bí irin yẹn ṣe ké báyìí, mo wò yí ká, mo rí òpó ilé. Ẹ má bi mí. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, mo ti wà lókè lábẹ́ àjà.

Wáyà wọlé. Òkúta náà tàn. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ kó gbọ́ ohùn mi, mo ní, "Àwẹ̀ró o." Wọ́n bi í pé kí lorúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àgbàdo ń jóná. Ìyá mi ló gbàgbé rẹ̀ síná. Ẹ ò gbóòórùn rẹ̀ ni?" Ìyá Olójú-Ìka ní a ti jìn sẹ́yìn jù. Ó ti wáyà síwájú díẹ̀, ó tún bi í.

Àwẹ̀ró ní, "Ọdẹ́rìndé ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé náà hó yèè! Wọ́n ń fi ṣíbí lu abọ́ irin. Mo yọ̀ bọ́ sílẹ̀ látorí òpó, mo ń jó, mo ń ju ẹsẹ̀, mo ń kí ara mi. Mo ní, "Àwẹ̀ró, tún un pè kí wọ́n gbọ́!" Àwẹ̀ró ní, "Ọdẹ́rìndé, ajá ẹ tún ti jẹ ẹja ìyá mi. Àbí ìwọ gan-an lo jẹ ẹ́? Kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa jàre, bàbá mi ń bọ̀ o."

Ẹsẹ̀ mi kan wà lókè, mi ò rántí sọ ọ́ kalẹ̀. Ohùn ọmọge ló fi sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi wẹ ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa tó di ìyàwó, orúkọ mi kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ibi tó ti ń pè mí lórúkọ yìí, kò tíì fẹ́ mi níbẹ̀. Ọmọkùnrin àdúgbò tí ajá rẹ̀ ń jí ẹja jẹ ni mo jẹ́.

Ìyá Olójú-Ìka ti gbé ohun tí yóò fi di wáyà náà mọ́bẹ̀. Mo pariwo pé kó má dì í. Ó ní, "Ó ti dáhùn. Yàrá yìí lágbára, ògiri rẹ̀ le. Tí n bá tún ti wáyà síwájú, ó lè jẹ́ òkùnkùn la ó bá, n kò sì ní rí ọ̀nà ibí mọ́." Mo dúró, mo ń ronú, lọ́tẹ̀ yìí mo ronú lóòótọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ẹni tó mọ orúkọ mi sàn ju ẹni tó ń fún mi lómi bí àlejò. Àmọ́ ọmọge yìí yóò máa wá ìyá rẹ̀ láràárọ̀, èmi ni yóò sì máa sọ fún un láràárọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti kú. Tí Moróunkẹ́jì bá dé, yóò bi í pé ọmọ ta ni. Gbogbo ohun tí Àwẹ̀ró fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ní ayé ni yóò wà níta yàrá yẹn. Mo ní, "Ìyá, ẹ tì í síwájú." Mo padà sórí òpó.

Ó tì í. Òkúta náà tàn. Ó bi í pé, "Kí lorúkọ ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí?" Mo ní, "Àwẹ̀ró o." Àwẹ̀ró dákẹ́. Ó tún bi í. Àwẹ̀ró dákẹ́ síbẹ̀, ó pa ẹnu mọ́ bí ẹni tó di omi sẹ́nu. Ìyá Olójú-Ìka gbé ìka rẹ̀ sókè, mo rí i tí omi ń bọ́ láti orí ìka náà. Ó ní, "Iná ti kú. Pẹ̀lẹ́ o, ọkùnrin. Jẹ́ kí n yọ ọ́." Gbogbo wọn ṣí fìlà.

Mo bú sẹ́kún lókè níbẹ̀. Mo ní, "Yéè, Àwẹ̀ró mi." Ibi tí mo ti ń sunkún ni mo ti rí orúnkún rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Orúnkún méjèèjì ṣẹ́ pọ̀ díẹ̀. Mo nu ojú. Mo tún ní, "Àwẹ̀ró." Orúnkún náà tún ṣẹ́, bí ó ṣe máa ń ṣẹ́ nígbàkigbà tí mo bá wọlé tó bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi. Ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá gèlè káàkiri ibùsùn, láti fi bo ibi tí wọ́n fá, kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i bẹ́ẹ̀.

Mo kígbe pé, "Ẹ má yọ ọ́! Ó ti dáhùn! Ẹnu tó pa mọ́ yẹn ni ìdáhùn!"

Ìyá Olójú-Ìka na gbogbo ojú ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Nígbà tó pè ọ́ lórúkọ, o ní ká má dì í. Kò pè ọ́ mọ́ nísinsìnyí, o ní ká dì í. Ṣé kì í ṣe orí tìẹ gan-an ló yẹ ká lu?"

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló dá wọn lóhùn. Ohùn rẹ̀ gbó, ó sì tutù, ohùn ilé mi. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará ibí. Ìbéèrè yín ló le. Ọkọ mi ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa la orúkọ ọkọ mi mọ́lẹ̀ níwájú èrò ni, bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé?" Ó wá gbọ́ ibi tí ẹkún mi ti ń wá. Ó yí ẹnu sókè díẹ̀ nínú òrùka irin náà. Ó ní, "Bàbá Orí-Igi, ṣé òkè náà lẹ tún wà? Ẹ sọ̀ kalẹ̀ jàre, ẹ wá mú mi lọ sílé."

Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo jábọ́. Àpá rẹ̀ rèé ní ìgbọ̀nwọ́ mi, ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa kó wá wò ó.

Wọ́n dì í, a gbọ̀nà ilé. Ìyá Olójú-Ìka kìlọ̀ fún mi kí a tó kúrò. Ó ní, "Ikán náà kò tíì kúrò nínú ilé o. Iná yìí yóò máa mì. Ọjọ́ mìíràn, yóò tàn sí yàrá ìgbà ọmọge dípò yàrá ìyàwó, yóò sì pè ọ́ lórúkọ. Má bá a jiyàn. Má sọ fún un pé ó ti darúgbó. Yàrá tó bá wà ni kí o wọlé bá a." Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ náà ló rí. Láràárọ̀, Àwẹ̀ró a jókòó síta kí òkúta rẹ̀ lè mu oòrùn. Ọjọ́ wà tí mo máa gbọ́ Bàbá Orí-Igi títí tí etí mi yóò fi kún. Ó ti sọ ìtàn màlúù yẹn fún Moróunkẹ́jì lákọ̀tun, ó sì fi ohun tí mi ò tiẹ̀ sọ fún yín kún un.

Ọjọ́ sì wà tó jẹ́ pé orúkọ mi ló máa pè. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, aládùúgbò wa, Ìyá Ṣubúọlá, gbọ́ ọ láti ojúde rẹ̀, ó sáré wá dì mọ́ mi. "Ọlọ́run ṣeun! Ó ti rántí yín o! Ó pe orúkọ yín!" Mo dì mọ́ òun náà, mo ń sunkún, ó rò pé ayọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́n díẹ̀ nísinsìnyí. Tó bá ti pè mí lórúkọ, mo máa ń bọ́jú, mo máa ń dé fìlà, mo máa ń kan ilẹ̀kùn ilé ara mi. Mo máa ń gbé ẹja lọ́wọ́, mo máa ń ní, "Ẹ má bínú fún ọ̀rọ̀ ajá mi. Ẹja ìyá yín tó jẹ ni mo wá dá padà." Ó máa ń fajú ro. Ó máa ń bú mi. Tí mo bá tún sọ̀rọ̀ díẹ̀, tí mo fọ́nnu díẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, kò tó ọ̀sán tó fi gbà láti fẹ́ mi. Lọ́jọ́ mìíràn, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó gbà, ó ní torí ajá náà lòun ṣe gbà. Àmọ́ kò tíì kọ̀ mí rí. Mo ti fẹ́ obìnrin yìí ju iye ẹran tí mo pa láyé lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ìyẹn ò pọ̀.

Ẹ dákẹ́ ná.

Ṣé ẹ gbọ́?

"Ọdẹ́rìndé! Ọdẹ́rìndé o! Ta ló kó èrò rẹpẹtẹ yìí wá sí ojúde bàbá mi?"

Kí ẹnikẹ́ni má bá mi yọ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi sunkún. Ẹ bá mi já ẹja yẹn sílẹ̀. Fìlà mi dà? Ó tọ́ lórí báyìí àbí ó wọ́? Ẹ jẹ ẹran yín, kí ẹ má dúró dè mí. Mo ń lọ fẹ́ ìyàwó.